Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ọjọ́ Sátidé

Òkò àkọ́kọ́ bà lé orí páànù gbọ̀ngàn náà nígbà tí Akọ̀wé pe orúkọ kẹrìnléláàádọ́rin.

Gbogbo èèyàn gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n pè láti òkè àjà. Akọ̀wé nìkan ni kò gbójú sókè. Ó fi ìka di ìlà tó ń kà mú, ó tún orúkọ náà pè. Ìyá kan tó ń ta bàtà lọ́jà dáhùn láti ẹ̀yìn, ó nawọ́, ó sì lọ tò sórí ìlà.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ jàre, Akọ̀wé," Alága wí láti orí àga rẹ̀. "Òkò kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Kò lórúkọ nínú rẹ́jísítà."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tó ti ń wo ẹnu ọ̀nà rọra padà sáyè wọn.

Bàbá Atẹ̀wé ni gbogbo ìlú ń pe Alága, nítorí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Nígbà tí àwọn ológun kógbá sílé, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ máa dá a, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni èèyàn mọ́kàndínlógún ti kọ́kọ́ jókòó, láàárín ìdì pépà àti òórùn íńkì. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọdún kẹtàlélógún rèé. Ẹgbẹ́ náà ti pààrọ̀ àmì lẹ́ẹ̀mejì, ó ti da ara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti rán èèyàn mẹ́fà lọ sílé aṣòfin. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, márùn-ún ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn kí àga wọn tó gbóná. Bàbá Atẹ̀wé ò lọ síbì kankan. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń jẹ nínú ẹgbẹ́ tí kò fún un ju àga onígi yìí lọ, á ní, "Ibi tí èèyàn ti lè fìdí rẹmi, kó sì padà sílé rẹ̀ láìfarapa, ibẹ̀ ló ń jẹ́ ẹgbẹ́. Mo ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni."

Akọ̀wé ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Tíṣà ni níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n tí kíláàsì rẹ̀ kì í pariwo.

Ohun tó mú òkò wá ò le láti mọ̀. Ọnọrébù ló fa gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó gba inú ẹgbẹ́ mẹ́ta kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá, ó sì padà dé lóṣù márùn-ún sẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ mọ́kànlá. Ó dì mọ́ tọmọdé tàgbà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun lòun máa díje fún ilé aṣòfin lórúkọ ẹgbẹ́. Bàbá Atẹ̀wé ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́ sójú ewé kẹsàn-án: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjì nínú ẹgbẹ́ kò lè díje. Ó kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ní ìjókòó mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọnọrébù rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀, ṣé ẹ ò lè fọwọ́ ara yín tún un tẹ̀ ni?"

"Mo lè tún un tẹ̀," Bàbá dá a lóhùn. "Èmi nìkan ni mi ò lè yí i padà."

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ó fi ku èèyàn méjì péré tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa tò sẹ́yìn wọn níbi ìdìbò abẹ́lé ọjọ́ Sátidé yìí: Lọ́yà, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ máa ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ, àti nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ìlà Lọ́yà ló gùn jù.

Òkò kejì fọ́ fèrèsé. Ẹ̀kẹta ba ẹni tó wà nídìí ilẹ̀kùn níwájú orí. Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ṣàn dé àgbọ̀n, ilẹ̀kùn ti ya.

Wọ́n tó ogójì. Wọ́n fi aṣọ bojú, àdá àti kóńdó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó tò sẹ́yìn Lọ́yà ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Nígbà tó yá, wọn ò yan ẹni tí wọ́n ń lù mọ́. Bẹ́ǹṣì ń ṣubú lu ara wọn. Ìyá tó ń ta bàtà kọ ẹ̀yìn sí wọn kó lè sá, àdá sì ya ẹ̀yìn náà láti èjìká dé ìbàdí; ó ń sá lọ síbẹ̀, kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti ṣá òun. Ọkùnrin kan di ojú rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti kọjá pé, "Ojú mi dà? Ẹ bá mi wo ojú mi." Lọ́yà bẹ́ gba ojú fèrèsé jáde. Bàtà rẹ̀ kan ló ṣẹ́kù.

Bàbá Atẹ̀wé dìde dúró, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ tò sórí ìlà! Ẹni tó bá lẹ́jọ́, kó tò sórí ìlà!"

Bí ẹni tí ń kígbe sí òjò ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó bojú náà bọ́ síwájú tábìlì, ọ̀pá irin lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sáré bí àwọn yòókù. Ó ń fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀. Akọ̀wé wo ẹsẹ̀ yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọdún tí ẹsẹ̀ náà ṣẹ́, òun ló gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn.

"Bàbá, ẹ jókòó," ọkùnrin náà wí.

"Mi ò ní jókòó."

Irin gòkè. Akọ̀wé na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó fẹ́ dá a dúró, irin náà kọjá lórí ọwọ́ rẹ̀, ó sì bà sórí Bàbá Atẹ̀wé. Lójú ẹsẹ̀ náà ni kóńdó ẹlòmíràn yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó ba apá tí Akọ̀wé nà. Ó gbọ́ ìró egungun ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ó ṣubú sábẹ́ tábìlì. Ó rí bàtà tó yí i ká, ó rí ẹnu àdá tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ níbi tó wà. Ohùn kan sì ké lókè orí rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Ẹ fi sílẹ̀! Mo ní ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!"

Àdá náà padà lẹ́yìn.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó yanrìn ló gbé wọn lọ sọ́sibítù. Akọ̀wé jókòó sórí ìyókù yanrìn, orí Bàbá Atẹ̀wé wà lórí itan rẹ̀, apá rẹ̀ tó ṣẹ́ dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá la ojú kan. Èkejì ti wú pa.

"Mélòó la ti kà?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin, Bàbá."

"Ó ku mélòó?"

"Ó lé ní igba."

"Hẹn-ẹn. Ẹ jẹ́ ká..."

Kò parí rẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣì ń fọn fèrè kí àwọn èèyàn lè yà lọ́nà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ń sáré sí mọ́.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìlú gbóná bí àgbá ọ̀dà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Lọ́yà lọ dáná sun ọ́fíìsì Ọnọrébù. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi balẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwọn ti Ọnọrébù fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta gbẹ̀san. Níbi ìsìnkú Bàbá Atẹ̀wé pàápàá, wọ́n ju òkò lu àwọn tó ń kọrin, ọlọ́pàá yin afẹ́fẹ́ tajútajú, àwọn tó gbé pósí sì gbé e sílẹ̀ láàárín títì, wọ́n sá. Ìyàwó olóògbé nìkan ló dúró tì í, ó fi gèlè bo imú, ó ń wúkọ́.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni Sójà wá sílé Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́sàn-án gangan.

Sójà ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá náà kú, Akọ̀wé sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Nígbà tó lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ yìí bá ẹrù ìyàwó wọlé ni. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé girama àkọ́kọ́ tó wọ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ológun fún ọdún méjì kí wọ́n tó lé e, orúkọ iṣẹ́ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti lọ. Láti ìgbà náà, ó ti ń tẹ̀ lé àwọn ọlọ́lá kiri. Ẹni tó bá ti ń díje ni ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrora."

"Ìwọ náà kú iṣẹ́," Akọ̀wé dá a lóhùn.

Ó jókòó sétí àga. Ó wo ìdì funfun líle tí wọ́n fi di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ kọjá ìgbúnwọ́.

"Ta ló ṣe èyí? Ẹ júwe ẹ̀ fún mi. Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Kí o lè ṣe kí ni fún un?"

"Mo máa ṣẹ́ tiẹ̀."

"Ta ló máa wá ṣẹ́ tìẹ?"

Sójà wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ká kàn tú wọn ká ni, Ẹ̀gbọ́n. Ká da ìpàdé rú, kí wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó ní ká pààyàn. Bàbá yẹn ló kọ̀ tí kò jókòó. Mo ní kó jókòó. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Bàbá yẹn ló tẹ ìwé ìsìnkú Màmá wa," Akọ̀wé wí. "Bóyá o ò rántí. O jókòó sórí ìdì pépà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fún ẹ ní bébà aláwọ̀ pupa kó o máa fi ṣeré kó o má baà sunkún."

 Ohùn Sójà rẹlẹ̀. "Bí ọlọ́pàá bá bi yín ńkọ́?"

 Akọ̀wé dìde, ó fi ọwọ́ kan bu oúnjẹ fún un, ó gbé e síwájú rẹ̀. Sójà jẹ ẹ́ tán pátá. Inú sì ń bí Akọ̀wé sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó bu oúnjẹ náà.

Ọlọ́pàá ò bi í. Lọ́jọ́ kẹwàá, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ dé láti olú ilé ẹgbẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí láàárọ̀, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sán, rédíò ti ń kéde pé ìjà ti parí. Ọnọrébù ni yóò díje. Lọ́yà ni wọ́n máa fi ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ti gbá ara wọn mọ́ra.

Télọ̀ wà nídìí maṣíìnì rẹ̀ nígbà tí ìròyìn náà jáde. Akọ̀wé jókòó tì í. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún un nísinmi nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló ń jókòó sí.

"Iṣẹ́ wọn yá ju tèmi lọ," Télọ̀ wí. "Aṣọ tí wọ́n fa ya láàárọ̀, wọ́n ti rán an pọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ la máa mọ irú òwú tí wọ́n lò."

Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. "Wọn ò dárúkọ Bàbá," ó ní. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò dárúkọ ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ọnọrébù àti Lọ́yà wọ pálọ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó pọ̀ sórí àga gígùn kan bí ọkọ ìyàwó àti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ọnọrébù kí i, ó bi í léèrè ara apá, ó gbóríyìn fún un pé ẹgbẹ́ ò lè gbàgbé irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Lọ́yà fa ìwé olójú ewé méjì yọ nínú fáìlì.

"Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni," ó ní. "Àjọ elétò ìdìbò ò ní gba orúkọ olùdíje kankan láìjẹ́ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ buwọ́ lù ú. Mo ti bá yín tẹ̀ ẹ́."

Akọ̀wé kà á. Ìwé náà ní ìpàdé lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n yọ òfin ọdún méjì kúrò, wọ́n sì dìbò yan Ọnọrébù. Ní ìsàlẹ̀, ó ní Alága, ẹni tó ti ń ṣàìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, dákú lẹ́yìn ìpàdé, ó sì jáde láyé.

"Lọ́yà," Akọ̀wé wí, "ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Mo ti jáde kí ọ̀rọ̀ tó..."

"Mo mọ̀ pé o ti jáde. Bàtà ẹ kan wà lọ́dọ̀ mi."

Lọ́yà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ọnọrébù ló rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí àgbà. Kí ni ẹgbẹ́ òṣèlú? Ọkọ̀ èrò ni. Èyí tó bá ń lọ síbi tí mò ń lọ ni mo máa wọ̀. Tó bá bà jẹ́ lọ́nà, mo máa bọ́ sílẹ̀ wọ òmíràn. Bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, àwọn ló sọ ọ́ di ohun téèyàn ń kú lé lórí."

"Bàbá ò kú lé e lórí. Ẹ pa wọ́n ni," Akọ̀wé dáhùn. "Ẹ ní ọkọ̀ èrò ni. Ẹ̀yin wọ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ tún wọ̀. Ta ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ ò sí ńbẹ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọnọrébù. Kò gbóhùn sókè. Ó sún mọ́ etí àga, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn.

"Àbúrò yín, ọmọ dáadáa ni. Àwọn kan ti ń dárúkọ ẹ̀ kiri ìlú, èmi ni mo ṣì ń bò ó. Bí ẹ bá kọ nǹkan mìíràn sínú ìwé, ọrùn ta lokùn máa bọ́ sí? Èmi ò sí ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o, kò sẹ́ni tó rí mi. Ẹ rò ó dáadáa. Ọ̀la ni mo máa ránṣẹ́."

Wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, Akọ̀wé ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí oníṣẹ́ dé láàárọ̀, ó ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọwọ́ ń dun òun.

"Òsì ló ṣẹ́, mà," oníṣẹ́ náà wí.

"Ọ̀tún ló ń dùn mí."

Kò tíì tó wákàtí méjì tí alùpùpù mẹ́ta dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, níbi tí Akọ̀wé ti jókòó tì í. Àwọn márùn-ún ló sọ̀ kalẹ̀, wọn ò bojú. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan gbé maṣíìnì, ó là á mọ́lẹ̀. Òmíràn ń fi ọ̀bẹ ya aṣọ oníbàárà tó wà lára ògiri. Télọ̀ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ lé adìyẹ jáde.

"Ẹ jọ̀wọ́, aṣọ aláṣọ ni, ẹ..."

Wọ́n fà á jáde sí títì. Ẹni tó ga jù nínú wọn gbé orí maṣíìnì náà, irin lásán, ó sọ ọ́ lé e lórúnkún. Igbe tí Télọ̀ ké, Akọ̀wé ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó sáré bọ́ síta, wọ́n tì í padà, ó fi ẹ̀yìn lu ilẹ̀kùn. Ẹni gíga náà tún gbé irin náà sókè, ó ń wo orúnkún kejì.

"Ẹ buwọ́ lù ú lónìí, àbí ká máa bá a lọ?"

Òpópónà ti dá. Àwọn ọlọ́jà ti ti ilẹ̀kùn wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sáré bọ̀ láti ìkóríta, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì.

Sójà ò sọ̀rọ̀. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí tábìlì, ó sì gbá a mọ́ ẹni gíga náà lójú. Ẹran ara dún ṣìì. Ọkùnrin náà bú bí màlúù. Sójà tún fi ìdí áyọ́ọ̀nù gbá ẹnì kejì lẹ́nu, eyín fọ́n sílẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ni?" ọ̀kan kígbe. "Ọnọrébù ló rán wa!"

"Ọnọrébù ló rán èmi náà!"

Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó mú àlùmọ́gàjí Télọ̀ tó wà nílẹ̀, tó sì gún un níhà. Ó fà á yọ, ó tún gún un. Sójà kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà. Àwọn márùn-ún náà wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ jóná gun alùpùpù, wọ́n lọ.

Télọ̀ ni wọ́n gbé lọ sọ́sibítù. Sójà kọ̀, ó ní bí òun bá dé ibẹ̀, wọ́n á wá parí òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì àgbà tó bá Lọ́yà díje ló wá sílé Akọ̀wé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó rán ibi méjèèjì lórí ẹní ní pálọ̀. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ìgbà tó fọ ọwọ́ tán ló wí fún Akọ̀wé pé, "Ẹni tí mo rán yìí, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà wà ní gbọ̀ngàn. Mo rán an torí pé iṣẹ́ mi ni." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ méjì kọjá. Sójà lè jókòó, ó sì lè mu omi ẹ̀kọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Akọ̀wé dé láti ọsibítù níbi tí wọ́n ti fi okùn gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kọ́. Ó jókòó sídìí tábìlì, kò bọ́ gèlè.

"Ẹ buwọ́ lù ú, Ẹ̀gbọ́n," Sójà wí láti orí ẹní. "Ẹ jẹ́ ó tán."

"Kò ní tán. Wọ́n ní kó o lọ tú ìpàdé ká, o tú u ká. Wọ́n ní kí àwọn yẹn wá tú ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ká, wọ́n tú u ká. Ta lo rò pé wọ́n máa rán wá tú ìwọ ká?"

 Akọ̀wé ya ìwé Lọ́yà sí méjì, ó sì fa bébà funfun kan síwájú.  Ní gbogbo òwúrọ̀ tó fi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀, ó ti ń wá ọ̀nà tó fi lè kọ ọ́ láìdárúkọ ẹnì kan. Ó ti wá a, kò rí i. Bó bá kọ pé "àwọn jàǹdùkú kan", Ọnọrébù ni yóò jàǹfààní. Jàǹdùkú kan ò lórúkọ, ẹni tí kò lórúkọ ò sì lè sọ ẹni tó rán an.

Ó kọ ọjọ́, ó kọ ibi ìpàdé. Ó kọ orúkọ àwọn mẹ́rìnléláàádọ́rin tó dáhùn. Apá òsì rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́, bébà náà sì ń yọ̀ kiri lórí tábìlì lábẹ́ kálàmù. Ó dá a dúró, ó ń yọ̀ lọ. Ìgbà tó ṣe, Sójà fi ògiri dìde, ó di ìhà rẹ̀ mú, ó wá jókòó sórí àga kejì. Ó na àtẹ́lẹwọ́ lé etí bébà, ó bá a di í mú.

Akọ̀wé ń kọ ọ́ lọ. Ó kọ òkò, ó kọ ilẹ̀kùn, ó kọ ìyá tó ń ta bàtà. Ó kọ ohun tí Alága sọ nínú gbohùngbohùn. Nígbà tó dé ibi tábìlì, kálàmù dúró.

"Orúkọ tí Bàbá tó bí wa sọ ẹ́ ni mo fẹ́ kọ síbí," ó ní. "Kì í ṣe Sójà. Orúkọ ẹ gan-an. Tí mo bá kọ ọ́, ìwọ lo máa sọ ẹni tó rán ẹ. Kò sẹ́lòmíràn tó lè sọ ọ́."

Ọwọ́ tó wà lórí bébà ò kúrò. 

Akọ̀wé kọ orúkọ náà ní kíkún. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, ó sì kọ ọ́ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló gbé bébà náà sókè, ó sì kà á jáde látìbẹ̀rẹ̀, ketekete, bó ṣe máa ń kà á fún ilé tó kún. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ.

"Ṣé àtúnṣe wà?" ó bèèrè.

 Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, àwọn méjèèjì fetí sí i títí ìró rẹ̀ fi lọ tán.

"Ó wà."

"Níbo?"

"Ibi tẹ́ ẹ ti ní mo lu Bàbá lẹ́ẹ̀kan." Ó nàka sí i. "Ẹ ti ṣubú sábẹ́ tábìlì nígbà yẹn, ẹ ò lè rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni."

Akọ̀wé fa ìlà lé ọ̀rọ̀ náà, ó kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, ó sì buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó ti kálàmù sọ́dọ̀ Sójà. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìrora, ó buwọ́ lù ú lábẹ́ tirẹ̀.

"Ṣé wàá lè rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Tẹ́ ẹ bá rọra rìn," ó ní.